Kí ni wọ́n ń pè ní gothic rock?

Bí ẹ bá gbọ́ “gothic rock”, ẹ má tíì ro ti aṣọ dúdú àti tìróò tí wọ́n máa ń lé sójú. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá “Bela Lugosi's Dead” gbọ́, orin tí ẹgbẹ́ Bauhaus láti Northampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1979.

Ìlù ló ṣáájú. Ọ̀pá ń dún kò-kò létí ìlù, gbohùngbohùn sì ń gbé e lọ jìnnà, àfi bí ẹni pé inú ihò àpáta ni wọ́n ti ń lù ú. Gìtá báàsì wọlé, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ àkàsọ̀ nínú òkùnkùn. Gìtá kejì ò kọrin rárá, ṣe ló ń ha tó sì ń ké. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí Peter Murphy, akọrin wọn, tó lanu. Lugosi tó ń kọrin nípa rẹ̀ ni òṣèré tó ṣe Dracula, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nínú fíìmù 1931.

Gothic rock nìyẹn: báàsì ló ń darí, gìtá ń dẹ́rù bani, wọ́n sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ kí ìbẹ̀rù lè ríbi jókòó. Inú ìtàn iwin àti ilé olódi àtijọ́ ni wọ́n ti yá orúkọ náà.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé ìlù bossa nova ti Brazil ni Kevin Haskins ń lù níbẹ̀, ọ̀nà dub, irú orin régè ti Jàmáíkà tó kún fún gbohùngbohùn, sì ni gbohùngbohùn yẹn gbà wá. Orin tí wọ́n kà sí ti òyìnbó pátápátá ti la òkun kọjá!

Láàárín 1980 sí 1983, Bauhaus ṣe àwo orin mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkẹrin, òtútù àyà dá Murphy dùbúlẹ̀, Daniel Ash tó ń ta gìtá àti David J tó ń ta báàsì sì kọ lára àwọn orin náà fúnra wọn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tú ká. Wọ́n padà wá ní 1998, àwo mìíràn sì jáde ní 2008.

Ṣùgbọ́n àárín méjèèjì ni kí ẹ wò. Ash, David J àti Kevin dá ẹgbẹ́ Love and Rockets sílẹ̀, orin wọn “So Alive” sì dé ipò kẹta lórí àtẹ orin ní Amẹ́ríkà ní 1989. Ọwọ́ kan náà ló wà lórí gìtá, báàsì àti ìlù, àmọ́ orin ìfẹ́ ni, ihò àpáta yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́.