Ìrìn-àjò hẹlikọ́pítà sí ibùdó epo inú òkun ní Nàìjíríà

Hẹlikọ́pítà ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì sábà máa ń fi gbé òṣìṣẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sí ríìgì, ìyẹn pèpéle tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo, àti sí àwọn ọkọ̀ ojú omi ràgàjì tó ń wa epo lójú agbami. Ní Nàìjíríà, Èkó, Port Harcourt, Osubi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wàrì, Escravos àti Eket wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbéra. Kì í ṣe ohun téèyàn kàn lè já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń lọ Àbújá. Ilé-iṣẹ́ epo ló ń háyà hẹlikọ́pítà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí nínú ìwé èrò kò ní wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ yìí àti epo jọ dàgbà ni. Àbàtà ló yí Oloibiri ká, níbi tí Shell-BP ti kan epo ní 1956. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Aero Contractors forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1959, Bristow ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wọlé, wọ́n sì dá Caverton Helicopters sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀nà túbọ̀ gùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo lójú agbami. Ibùdó epo Bonga, tí epo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2005, fi nǹkan bíi kìlómítà 120 jìnnà sí etíkun, omi ibẹ̀ sì jìn ju mítà 1,000 lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń débẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́, ìgbì a sì máa dààmú èrò.

Lára àwọn hẹlikọ́pítà tí wọ́n ti lò fún iṣẹ́ yìí ni Sikorsky S-76, tó ń gba èrò 12, AW139, tó lè gba 15, àti S-92, tó ń gba 19. Ẹ́ńjìnì méjì-méjì ni wọ́n ní, awakọ̀ méjì ló sì ń wà wọ́n.

Orí ìwọ̀n ni ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wọn àpò, wọ́n á sì wọn ẹni tó ni ín náà tòun ti bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, torí ìwọ̀n èrò ló ń sọ bí epo tí wọ́n lè rọ sínú hẹlikọ́pítà ṣe máa pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó àti ohun ìdètí. Fìlà ò gbọdọ̀ wà lórí, torí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ máa gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn kọjá: abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ ń yí débi pé ojú kì í rí i.

Ẹ̀kọ́ HUET, ìyẹn bí èèyàn ṣe lè jáde nínú hẹlikọ́pítà tó rì sómi, ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù jù. Ó jẹ́ apá kan T-BOSIET, ẹ̀kọ́ ààbò àti pàjáwìrì fún àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ lójú òkun, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń lo ọdún 4. Òkè orí hẹlikọ́pítà ni ẹ́ńjìnì wà, nítorí náà bó bá já sómi, dídojúdé ló sábà máa ń ṣe. Wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ sínú àgọ́ irin kan tó jọ inú dáńfó, wọ́n á rì í sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n á sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á di etí fèrèsé mú, á dúró títí àgọ́ yóò fi dẹ́kun yíyí, á ti gíláàsì fèrèsé dànù, ìgbà yẹn ló tó lè tú bẹ́líìtì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì, omi á gbé e kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kò sì ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹjọ 2015, S-76 kan tó ń bọ̀ láti ríìgì já sínú ọ̀sà ní Oworonshoki, l'Ékòó. Mẹ́fà kú nínú àwọn 12 tó wà nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kejì 2016, òmíràn balẹ̀ sórí òkun, wọ́n sì kó gbogbo èèyàn 11 inú rẹ̀ yọ láàyè. Ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹwàá 2024, èyí tó gbé èèyàn 8 láti Port Harcourt lọ sí Nuims Antan, ọkọ̀ ojú omi tó ń wa epo, já sókun nítòsí Bonny. NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, ló ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí níwèé àṣẹ. NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ààbò ìrìnnà, ló ń wádìí ìjàǹbá.

Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé hẹlikọ́pítà kò ní lè gbéra. Ẹni tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ti pé lórí ríìgì á ṣì wà níbẹ̀, àpò rẹ̀ ti di dídì, títí ojú ọjọ́ á fi mọ́.