Àtúngbé ni, kì í ṣe ìmúpadàbọ̀sípò

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Àkúrẹ́ níbí, nípa iléeṣẹ́ dígí tó di ahoro ní Ìgbòkòdá. Ó ní kí ìjọba ṣe "ìmúpadàbọ̀sípò" rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún un ṣe kó lè wúlò padà. Mo pa rédíò. Ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè là ń mú padà bọ̀ sípò, tàbí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé. Ilé tí kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, ipò wo ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn kan ní "ìsọdọ̀tun" ló dáa láti pè é. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ẹni tó bá sọ ilé àtijọ́ di ọ̀tun ti bà á jẹ́, ogbó rẹ̀ là ń wá. "Àtúnkọ́" wà fún èyí tó ti wó. Ní ti "ìsọjí", ẹ jẹ́ kó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì níbi tó wà.

Àtúngbé lèmi ń pè é, kí èèyàn tún máa gbé inú rẹ̀. Ilé tí ògiri rẹ̀ lanu, tí èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe ahoro. Èyí tó le koko tí kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀, ahoro ni. Àìsí èèyàn ni àrùn rẹ̀, èèyàn náà sì ni oògùn. Ọ̀rẹ́ mi ará Oǹdó ní a kì í gbé iléeṣẹ́. Mo ní ẹja ń gbé inú odò, yàrá mélòó ló ní níbẹ̀?

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ta kókó. Bí awọ gángan bá ya, onílù kì í ju igi ọ̀mọ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ nù. Awọ ló ń pààrọ̀, á so ọṣán, ìlù a sì lọ sóde tí baba rẹ̀ kò dé rí. Bí wọ́n ṣe ṣe Albert Dock nìyẹn, èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1846 ni wọ́n ṣí i. Bíríkì, irin àti òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹrù rẹ̀, wọn ò fi igi gbé e ró nítorí iná. Wọ́n tì í ní 1972, ẹrẹ̀ sì kún ibẹ̀. Nígbà tó di 1988, wọ́n ti kó ẹrẹ̀, ògiri ṣì wà bó ṣe wà, àwòrán Tate, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà, ló wá gba àyè ẹrù.

Àwọn ayàwòrán-ilé á ní títún un ṣe yàtọ̀ sí lílò ó fún nǹkan mìíràn. Ó lè yàtọ̀. Iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe dígí, tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ iléeṣẹ́ náà, ṣì wà ní Ìgbòkòdá. Dígí ni wọn ì bá tún ṣe, ọjà ẹja ni wọn ì bá ná, kí wọ́n ṣáà má wó ògiri.