Aṣọ aláwọ̀ ewé kò sọ ẹnikẹ́ni di ewé

Bí ẹnì kan bá béèrè àwọ̀ tó yẹ kóun rà fún àgọ́, àpò ẹ̀yìn tàbí jákẹ́ẹ̀tì tóun fẹ́ gbé wọ igbó, èsì kan náà ló máa ń gbà: "Àwọ̀ ewé ni kó o rà. Kí ló tún wà nínú igbó bí kò ṣe ewé?" Wọ́n á tún kìlọ̀ fún un pé kó má dán aláwọ̀ ọsàn wò, pé gbogbo ẹran ni yóò sá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu wọn, ó sì ń bí èèyàn nínú, torí pé apá kan rẹ̀ kì í ṣòótọ́, apá kejì sì lè ṣe èèyàn léṣe.

Ti pé inú igbó kì í ṣe kìkì ewé, ojú lásán ń rí i. Ewé tútù wà lókè. Níbi tá à ń rìn, tá à ń jókòó sí, tá à ń pàgọ́ sí, èèpo igi aláwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀, àti ewé gbígbẹ, ẹ̀ka tó ti kú, erùpẹ̀, pẹ̀lú òjìji tó pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Àwọ̀ ewé tí wọ́n fi pa aṣọ láró sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju ewé gidi lọ. Bó bá wá jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó ń dán, tí oòrùn sì kàn án, ńṣe ló máa kọ mànà.

Ohun tí wọn kì í béèrè rárá ni pé: ojú ta là ń sá fún? Oríṣi sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ àwọ̀ nínú ẹyinjú èèyàn jẹ́ 3. Ti àgbọ̀nrín, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, jẹ́ 2 péré. Ọ̀kan mú jù níbi búlúù, ní nǹkan bí 450 nánómítà (ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó). Èkejì mú jù níbi àwọ̀ ewé, ní nǹkan bí 540. Kò sí ẹ̀kẹta tí yóò fi mọ̀ pé pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Nítorí náà, aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, tó ń ta wá lójú láti ọ̀nà jíjìn, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú àgbọ̀nrín. Ó sún mọ́ àwọ̀ ewé àti koríko tó yí i ká. Ohun kan náà ló bo ẹkùn abìlà ilẹ̀ Íńdíà láṣìírí. Ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn lójú wa, síbẹ̀ àwọn ẹran tó ń pa jẹ kì í tètè rí i nínú koríko. Ti ẹyẹ tún yàtọ̀: oríṣi 4 ni ti tiwọn, wọ́n mọ pupa dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rí ultraviolet, ìtànṣán oòrùn kan tí ojú wa kì í rí. Ẹni tó fẹ́ lúgọ de ẹyẹ kò lè lo òfin àgbọ̀nrín.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ búlúù, torí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó gbójú lé aṣọ aláwọ̀ ewé ti ń ṣìnà, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́. Èèyàn á rówó ra aṣọ tó rí pátapàta bíi ti ṣọ́jà, ó dé ilé, ó bu ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí omi, ó fọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú ọṣẹ ìfọṣọ bẹ́ẹ̀ ló ní èròjà kan tí wọ́n ń fi sí i kí aṣọ funfun lè máa tàn. Èròjà náà kì í yọ ìdọ̀tí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ìtànṣán ultraviolet yẹn, kó sì dá a padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ búlúù, láàárín nǹkan bí 420 sí 470 nánómítà. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wé 450 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ojú àgbọ̀nrín ti mú jù fún búlúù ni aṣọ náà ń tan ìmọ́lẹ̀ sí. Yàtọ̀ síyẹn, awò inú ẹyinjú èèyàn máa ń dí ultraviolet lọ́nà, ṣùgbọ́n ti àgbọ̀nrín ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé. Ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò sí lójú sánmà, tí ẹran sì ń jẹ̀ káàkiri, búlúù ló pọ̀ nínú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù. Aṣọ aláwọ̀ ewé tá a fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ hàn kedere ju aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí kò kan ọṣẹ náà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì ultraviolet, irú èyí tí wọ́n fi ń wo owó ayédèrú. Èyí tó jẹ́ 365 nánómítà dára ju ti 395 lọ, torí pé ti 395 ń tan ìmọ́lẹ̀ àlùkò tirẹ̀ sára gbogbo nǹkan, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ pa iná yàrá, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tẹ́ ẹ ti fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ igbó náà, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí méjèèjì. Bí aṣọ igbó náà bá ń tàn ní búlúù tó funfun díẹ̀ bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì, èròjà yẹn ti wà lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo okùn ìránṣọ àti àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀ náà. Àwọn yẹn máa ń tàn nígbà tí aṣọ fúnra rẹ̀ kò tàn. Yíyọ rẹ̀ kò rọrùn, torí pé ńṣe ló ń mu wọ inú òwú bí aró. Fífọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní in lè dín in kù, sísá sí oòrùn lemọ́lemọ́ náà á ràn án lọ́wọ́. Ó sàn kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ, kẹ́ ẹ sì sọ aṣọ igbó di èyí tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn àwọ̀, ó ku bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgọ́ aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ju òjìji abẹ́ igi lọ á yọ síta bí eyín, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ bá ewé mu tó. Ẹ gbé ẹrù náà sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ máa lò ó, ẹ fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 30, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí fóònù. Bí ojú yín bá kọ́kọ́ lọ síbi ẹrù náà, kò tíì bá ibẹ̀ mu. Ẹ tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì fi omi rin ín kẹ́ ẹ tún yà á, torí pé òwú tó tutù máa ń ṣókùnkùn ju èyí tó gbẹ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán ewé wẹ́wẹ́ ara aṣọ tàn yín. Ojú èèyàn tó dá ṣáṣá kì í sábà lè ya ohun tó kéré ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sọ́tọ̀ ní 100 mítà. Ewé oní-sẹ̀ǹtímítà 2 tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ á ti dà pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀, gbogbo ara á wá di àwọ̀ kan ṣoṣo tó ní èjìká, orí àti apá èèyàn. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an gbé aṣọ kan jáde ní 2004, èyí tí wọ́n ní yóò bá igbó, aṣálẹ̀ àti ìlú mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2010, wọ́n ti ń fún àwọn tó wà ní Afghanistan ní òmíràn, nígbà tó sì di 2019 wọ́n fòpin sí lílo ti 2004 náà.

Àwọ̀ wo wá ni ká rà? Fún ẹni tó fẹ́ lúgọ ya fọ́tò ẹran, mo rò pé àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ eérú tí kò dán, tó ní àbàwọ́n ńláńlá, ló sún mọ́ ọn jù, síbẹ̀ igbó kan kì í ṣe òmíràn, àkókò òjò kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Kò dá mi lójú pé àwọ̀ ló ń lé ẹran sá lọ́pọ̀ ìgbà. Òórùn wa àti bá a ṣe ń mira ló ń tú wa fó. Alágẹmọ tó ń pa àwọ̀ dà pàápàá, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń gbé.

Ẹni tí kò bá lúgọ de nǹkan kan, kí ló fẹ́ fi ara pamọ́ fún? Ọdẹ ń bẹ nínú igbó, ìbọn wọn kì í ya èèyàn sọ́tọ̀. Torí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ di dandan fún ọdẹ láti wọ àwọ̀ ọsàn lásìkò ìdẹ àgbọ̀nrín. Ní Colorado, ó kéré tán 500 ínǹṣì onígun mẹ́rin lára, pẹ̀lú fìlà. Àwọn tó ń dẹ tòlótòló igbó kì í sì í wọ pupa, funfun tàbí búlúù, torí pé àwọ̀ orí akọ tòlótòló nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ wádìí òfin ibẹ̀ pẹ̀lú: ní Barbados àti Jàmáíkà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ará ìlú wọ aṣọ bíi ti ṣọ́jà.

Bẹ́ ẹ bá ti ra àpò aláwọ̀ ewé, ẹ ká ìbòrí òjò aláwọ̀ ọsàn kan sínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, tẹ́ ẹ sì ń retí olùrànlọ́wọ́, ẹ nà án sí ibi gbalasa tí wọ́n lè rí láti òkè. Ọ̀bẹ, kọ́ńpáàsì àti èèkàn àgọ́ kò gbọ́dọ̀ jọ ilẹ̀ rárá, torí pé ẹ̀yin gan-an lẹ máa wá wọn tì. Ẹ so pélébé ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kà wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.