Conceptual art: iṣẹ́ ọnà tó ń retí ọwọ́ àlejò

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024, mùsíọ́mù Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìpàtẹ oníṣẹ́ ọnà Yoko Ono. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìyá àgbà ọmọ Jàpáàn náà pé ẹni ọdún 91. Retrospective ni wọ́n ń pe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀: wọ́n á kó iṣẹ́ ayé oníṣẹ́ ọnà kan jọ sábẹ́ òrùlé kan, láti ìgbà èwe rẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ tó lé ní 200 ló wà níbẹ̀. Àmọ́ nínú yàrá kan, ọkọ̀ ojú omi funfun lásán ni àwọn tó kọ́kọ́ dé bá, ògiri funfun yí i ká, nǹkan ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù sì wà nílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ ọnà dà?

Nínú conceptual art, èrò gan-an ni iṣẹ́. Ohun tí ojú ń rí kàn ń gbé èrò náà rìn ni. Lọ́dún 1955, Ono kọ ìtọ́ni kan sílẹ̀: kí èèyàn ṣá ìṣáná, kó máa wò ó títí yóò fi kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣá a ti ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì kàn fi ọkàn rò ó, òun náà ti ṣe é.

Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. D-r-m tí ọ̀gá akọrin kọ sójú bọ́ọ̀dù kì í dún fúnra rẹ̀. Ẹnu akọrin ló ń sọ ọ́ di orin. Ono náà kọ́ orin láti kékeré, kò sì yà mí lẹ́nu.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó le jù lójú tèmi ni Cut Piece, tó kọ́kọ́ ṣe ní Kyoto lọ́dún 1964. Ó jókòó sórí ìtàgé, ó gbé àlùmọ́gàjí síwájú, ó ní kí àwọn òǹwòran máa bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé lára aṣọ tó wọ̀, kí wọ́n sì mú un lọ. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Africa Centre ló ti ṣe é, lọ́dún 1966. Wọ́n ya fíìmù ti New York ti ọdún 1965: ọkùnrin kan ń gé, kò dúró, títí tó fi dé orí okùn kọ́mú. Ono fọwọ́ bo àyà. Àlùmọ́gàjí àti ìdákẹ́jẹ́ ni tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù, ìwà àwọn tó wá wòran ni.

Àwọn kan á ní, “Ọmọ mi náà lè ṣe èyí.” Ó lè ṣe é lóòótọ́, kó wá ṣe é! Ohun tí obìnrin náà ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn.

Nígbà ayé rẹ̀, John Lennon, olórin ẹgbẹ́ Beatles tó padà di ọkọ Ono, máa ń sọ bí òun ṣe yà sí ìpàtẹ Ono ní gálárì Indica ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá ọdún 1966, nígbà tí wọn ò tíì ṣí i fún aráyé. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí àlejò lè kan ìṣó sí. Lennon fẹ́ kàn án, Ono kọ̀, kí nǹkan má bàjẹ́ ṣáájú ìṣíde. Ó wá ní kó san ṣílè márùn-ún. Lennon fèsì pé òun á san ṣílè márùn-ún inú ọkàn, òun á sì fi kan ìṣó inú ọkàn. Kò sẹ́ni tó ṣe àlàyé conceptual art fún un, ó ti yé e.

Ní ti ọkọ̀ funfun yẹn, ìtọ́ni rẹ̀ ni pé kí àlejò fi búlúù kọ tàbí ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ono so ó mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sọdá òkun. Ìpàtẹ náà parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà náà, búlúù ti bo ọkọ̀, ó bo ògiri, ó bo ilẹ̀, àwọn tó pẹ́ dé sì ń kọ tiwọn lé tẹlòmíràn lórí.