13.8V ±15%: kí ni wọ́n ń sọ fún wa lẹ́yìn rédíò ham?

Rédíò ham, ìyẹn rédíò tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ rédíò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, èyí tí a ń gbé sínú ọkọ̀ tàbí sórí tábìlì, sábà máa ń ní 13.8V DC ±15% lára. Bátìrì tí a fẹ́ so ó mọ́ ńkọ́? 12V ni wọ́n kọ sí tirẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Orúkọ lásán ni 12 yẹn. Bátìrì ọkọ̀ tó kún, tí ohunkóhun kò fa iná lára rẹ̀, máa ń wà ní nǹkan bí 12.7V. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí iṣẹ́, tí alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná nínú ọkọ̀) ń bọ́ ọ, á gun 13.8V sí 14.4V. Inú ọkọ̀ ni wọ́n fọkàn sí nígbà tí wọ́n mú 13.8.

Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 2. Yọ ọ́, ó ku 11.7V, fi kún un, ó di 15.9V. Àárín méjèèjì ni kí iná rẹ wà.

Òkè ló ń pa rédíò. Ní Àkúrẹ́ níbí, iná ìjọba kì í dúró, sólà ni ọ̀pọ̀ ń sá tọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà ní "12V" lè yọ 21V lọ́sàn-án gangan bí a kò bá so nǹkan kan mọ́ ọn. Má so ó mọ́ rédíò tààrà láé. Jẹ́ kó gba charge controller (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì) àti bátìrì kọjá. Bátìrì tírélà náà ńkọ́? Méjì ni wọ́n so pọ̀, 24V ni. Má tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìsàlẹ̀ kì í sábà pani, ṣùgbọ́n ó máa ń tanni. Bí o bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan, rédíò ò fa ju áńpíà kan sí méjì lọ, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó pé. Tẹ máíìkì wàyí láti sọ̀rọ̀: rédíò 100W á fa nǹkan bí 20A. Bí wáyà rẹ bá ní ìdènà iná 0.05 ohm péré, 1V ti sọnù sójú ọ̀nà. Bátìrì wà ní 12.2V, 11.2V ló dé ẹ̀yìn rédíò. Ohùn rẹ á máa já, tàbí kí rédíò kú pátápátá, ìwọ á sì máa bú bátìrì tí kò ṣẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so gílóòbù ló sábà ń fa irú èyí.

Nítorí náà, má wọn fólítì lórí bátìrì. Ẹ̀yìn rédíò gan-an ni kí o fi mítà sí, nígbà tí o bá tẹ máíìkì mọ́lẹ̀. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀ 11.7, ra wáyà tó nípọn, gé e kúrú, kí o sì fi fúùsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.