Sítẹ́ríò àtijọ́, orin inú íntánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi àti ìdáhùn mi

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Ìkéré-Èkìtì, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Sítẹ́ríò kan wà ní pálọ̀ wọn tí wọ́n ti rà ní 1986, ibi tí wọ́n ń gbé àwo lé wà lókè téńté, ojú kásẹ́ẹ̀tì méjì wà nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ti ń jẹ téèpù láti ayé Abacha. Oṣù tó kọjá lọmọ wọn ra fóònù tuntun fún wọn, ó fi jùjú àtijọ́ hàn wọ́n nínú ẹ̀, àtìgbà náà ni fóìsì nóòtù wọn ò ti jẹ́ n sinmi lórí WhatsApp. Mo ní kí n kúkú kó ìbéèrè wọn àti èsì mi síbí, torí bàbá tiyín náà á bi yín láìpẹ́.

Ìbéèrè: Àbúrò, ṣé sítẹ́ríò tuntun ni màá lọ rà báyìí? Eléyìí ò mọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ẹ má ra nǹkan kan o, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló kan sítẹ́ríò kan íntánẹ́ẹ̀tì? Iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, iná kékeré tó bá gba ojú ihò ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé ló ń sọ di ńlá títí tó fi máa lè mi sípíkà. Àwo ló ti wá ni o, kásẹ́ẹ̀tì ni o, fóònù ni o, kò mọ̀, kò sì béèrè. Òǹkà ni orin inú íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà jáńtírẹrẹ, sípíkà ò sì lè kọ nọ́ńbà lórin, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí i padà sí iná tó ń lọ sókè sódò bí ohùn ṣe ń lọ. Nǹkan ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní DAC, kò tó èékánná, ó sì ti wà nínú fóònù tẹ́ ẹ gbé dání yẹn, òun lẹ fi ń gbọ́ “hẹ́lò” látẹnu fóònù. Ó ku wáyà.

Ìbéèrè: Ọmọ yìí ń sọ “streaming, streaming”. Ṣé kì í ṣe dánlóòdù náà ni?

Rárá sà. Dánlóòdù ni kẹ́ ẹ ra àkàrà 20 sínú ike kẹ́ ẹ gbé e lọlé, ìgbà tó bá wù yín lẹ máa jẹ ẹ́. Streaming ni kẹ́ ẹ jókòó ti ìyá alákàrà, bó ṣe ń yọ ọ́ nínú epo lẹ ń jù ú sẹ́nu. Tí iná ìyá bá ń ṣe jẹ́jẹ́ tẹ́nu yín sì yá ju ọwọ́ ẹ̀ lọ, ẹ óò dúró, òun ni róbótó tó máa ń yí lójú fóònù nígbà tórin bá dákẹ́. Áàpù sì gbọ́n díẹ̀ o, ó máa ń kó àkàrà mélòó kan sílẹ̀ ṣáájú ẹnu yín, ìdí nìyẹn tí orin fi ṣì máa ń lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sá lọ.

Ìbéèrè: Dátà mi ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì ni mo ń ná o.

Fídíò ló ń jẹ dátà, orin lásán ò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jùjú lórí YouTube, àwòrán akọrin tó dúró sójú kan lẹ ń sanwó fún. Ẹ lo áàpù orin. Boomplay wà, Nàìjíríà níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015, Audiomack wà, Spotify náà dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kejì 2021. Nínú Spotify ẹ lè yan bí orin ṣe máa nípọn tó: 96 kbps (bí nọ́ńbà tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe pọ̀ tó nìyẹn) á jẹ nǹkan bí 43MB ní wákàtí kan, 160 á jẹ bíi 72MB, 320 tó jẹ́ tàwọn tó ń sanwó oṣooṣù á jẹ bíi 144MB. Ìyẹn ni pé 1GB á gbé yín tó wákàtí 23 lórí 96, àmọ́ lórí 320 wákàtí 7 ni. Kí n má purọ́, etí tèmi ò mọ ìyàtọ̀ 160 sí 320 lórí sítẹ́ríò yẹn, 160 ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ìbéèrè: Mo ti yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta. Ihò pọ̀ bí ilé oyin: PHONO, TUNER, TAPE, CD. Èwo ni tèmi?

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ rà, orí kan tín-ín-rín ló wà lápá kan, èyí tó ń wọ ihò íápíìsì fóònù, orí méjì ló wà lápá kejì, pupa àti funfun. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń ta ẹ̀yà fóònù lọ́jà pé wáyà AUX sí RCA, wọ́n mọ̀ ọ́n. Pupa lọ sí ọ̀tún, funfun sí òsì.

Ihò CD dáa, AUX dáa tó bá wà, TAPE náà dáa, ṣùgbọ́n méjì méjì ni ti TAPE máa ń jẹ́: èyí tí wọ́n kọ PLAY tàbí IN sí lẹ ń wá, REC tàbí OUT ń gbé orin jáde ni, kò ní gbà á wọlé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yí kóró iwájú sí orúkọ ihò tẹ́ ẹ ki wáyà bọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti pè mí pé sítẹ́ríò bàjẹ́, tó jẹ́ pé TUNER, ti rédíò, ni kóró wà!

PHONO, ihò ti àwo, ni kẹ́ ẹ sá fún. Èmi alára ti ṣe é rí nílé wa l'Ádó, ó bú ramúramù bíi màlúù tó há sínú ihò, mo rò pé mo ti jó sípíkà bàbá ìyàwó mi. Abẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí àwo, iná tó ń mú wá ò ju nǹkan bíi mílífóòtù 5 lọ, ìdí nìyẹn tí PHONO fi ń sọ ohun tó bá gbà di ńlá gan-an. Ti fóònù lè súnmọ́ fóòtù kan odindi, ìyẹn tó igba ìlọ́po. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó ń ṣe àwo máa ń dín báàsì kù, wọ́n á fi kún ohùn tó tín-ín-rín, PHONO ló wá ń dá báàsì padà, orin fóònù tí ẹnikẹ́ni ò dín nǹkan kan nínú ẹ̀ á wá wú bọ̀ǹbọ̀.

Ẹ fa fọ́lúùmù fóònù dé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi kóró sítẹ́ríò díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ti fóònù sílẹ̀ nísàlẹ̀, ariwo ṣààà lẹ máa gbọ́ pẹ̀lú orin.

Ìbéèrè: Bluetooth tí wọ́n ń pariwo ńkọ́?

Ó dáa fún ẹni tí kò fẹ́ wáyà lọ́nà, tàbí tí fóònù ẹ̀ ò ní ihò íápíìsì. Àpótí kékeré kan ni, ẹ óò ki wáyà ẹ̀ bọ ihò CD kan náà yẹn, á máa gba orin láti ojú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi mítà 10, ògiri sì ń dín in kù. (Orúkọ ọba Dẹ́ńmáàkì àtijọ́ kan, Harald Bluetooth, ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló kan ọba kan orin.) Àmọ́ ohun gbogbo tó bá dún nínú fóònù ló ń gba ibẹ̀ jáde o. Ọjọ́ kan táwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà ní pálọ̀ mi ni mo tẹ fóìsì nóòtù ìyàwó mi láìrántí, ohùn ẹ̀ bá jáde láti inú sípíkà méjèèjì, ó ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ. Méjì nínú wọn jókòó sórí àga.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ti Wi-Fi ló dáa jù.

Àpótí ti Wi-Fi fúnra ẹ̀ ló ń lọ mú orin látinú íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kàn ń dárí ẹ̀ ni, ẹ lè máa gba ìpè lọ. Ṣùgbọ́n ráútà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, iná ibi tẹ́ ẹ wà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí mo máa ṣe nípò yín: fóònù yín àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, ẹ yọ síìmù ẹ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ sítẹ́ríò kó máa gbé ibẹ̀. Kẹ́ ẹ wá gbé tuntun sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé tí òkè ò dí i, kẹ́ ẹ ṣí hotspot ẹ̀ kó máa pín dátà fún ti àtijọ́.

Ìbéèrè: Ó ń kùn hùùù tí mo bá fi fóònù sí ṣájà.

Iná ń gba ọ̀nà méjì yí po láàárín ṣájà àti sítẹ́ríò ni. Páwà báǹkì ni kẹ́ ẹ fi ṣájì í, á dákẹ́.

Ìbéèrè: Àbúrò, ó ti ń kọrin o! Ṣùgbọ́n ọ̀tún nìkan ló ń kọ.

Ẹ pààrọ̀ pupa àti funfun síra wọn lẹ́yìn. Tí ìdákẹ́ bá kó lọ sápá kejì, wáyà tàbí fóònù ló lẹ́jọ́. Tó bá dúró síbi tó wà, sítẹ́ríò ni.

Ó kó lọ. Mo ní kí wọ́n wò ó bóyá orí wáyà wọlé tán nínú fóònù, wọ́n ní ó wọlé. Mo ní kí wọ́n bọ́ kéèsì fóònù kúrò, àwọn kéèsì rọ́bà tó nípọn yẹn, kí wọ́n tún tì í. Mo gbọ́ “kìpọ̀” lórí ìpè, lẹ́yìn náà gìtá wọlé láti ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi ò tún sọ nǹkan kan mọ́, wọn ò sì rántí pa ìpè.