Bí Nǹkan Bá Le Níbi Iṣẹ́, Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ni Kí Ìṣọ́wóná Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí lítà kan tí à ń rà ní nǹkan bíi náírà 185 ní Èkó fi di 488. Iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo ń ṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kéékèèké sì bi mí nígbà náà pé kí ni kí àwọn sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù wọn mì. Èsì tí mo fún wọn kò tíì yí padà: kí ọ̀gá tó sọ ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ yọ nínú ìgbádùn tirẹ̀, kí ó sì yọ ọ́ níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Mo ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí tí ó pè wá jọ, tí ó bẹ̀ wá pé kí a ṣe sùúrù, tí ó sì ní kí wọ́n máa pa jẹnẹrétọ̀ ní aago kan ọ̀sán, ṣùgbọ́n tí èyí tí ó wà fún yàrá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn. Láàárín oṣù méjì, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ nínú wa ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kò sí ohun tí ọ̀gá lè fi pamọ́ níbi iṣẹ́, nítorí awakọ̀ rẹ̀ mọ iye epo tí ó ń rà, akápò sì mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, bí owó oṣù kò bá ní kárí, ẹ san ti ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ṣáájú, kí ẹ sì fi tiyín ṣe ìkẹyìn. Bí ẹ bá dín ọjọ́ iṣẹ́ kù nítorí owó ọkọ̀, bí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara ti ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2023 kan náà, kí ẹ̀yin fúnra yín gba ọjọ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kí ẹ gba iṣẹ́ agbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹni tí ó gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí àwòrán kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ sọ iye oṣù tí owó tí ó wà nílẹ̀ lè gbé fún àwọn òṣìṣẹ́, bí ẹ bá sì rí i pé ọjọ́ tí ẹ dá fún wọn kò ní ṣeé ṣe mọ́, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ náà tó pé.